Láti Ṣómólú dé Ìkẹjà lórí kẹ̀kẹ́ ológeere

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú ni mò ń gbé, Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì kan tí kò jìnnà sí Computer Village. ₦2,400 ni mò ń ná sórí ọkọ̀ lójúmọ́, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ tí òjò bá sì rọ̀, ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere kí n máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó mi ní kí n má sọ òun di opó. Àwọn ará ọ́fíìsì ní màá máa rùn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kẹ̀kẹ́ máa ń pa nǹkan ọmọkùnrin, ó tún ní ìjọba á gbà á lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gba ọ̀kadà. Ẹni ọdún 37 ni mí, mi ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́ látìgbà tí mo ti jáde girama. Ṣé kí n rà á, àbí kí n gbàgbé ẹ̀?”

Àbúrò mi, mo kí ọ, mo kí ìyàwó. Ìbéèrè mẹ́rin ló wà nínú lẹ́tà rẹ, àmọ́ ti ìyàwó rẹ ló wúwo jù, òun ni màá pẹ́ lórí ẹ̀ jù. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe l'Ékòó yìí, kẹ̀kẹ́ náà ni mo sì ń gùn láti Bàrígà tí mò ń gbé dé ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdí Òrò. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, irú ẹ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá bá mi: òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tíṣà, nọ́ọ̀sì kan tilẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn kan ṣì ń gùn ún títí dòní. Àwọn kan gbé e padà wá láàárín oṣù mẹ́ta pé kí n bá àwọn tà á. Mo máa ń bi àwọn wọ̀nyí pé kí ló dé, kò sì sẹ́ni tó tíì sọ fún mi pé kẹ̀kẹ́ ò dáa. Ọ̀nà ni gbogbo wọn ń sọ. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yan kẹ̀kẹ́, ṣé pupa ni àbí dúdú, ṣé kó ní gíà àbí kó má ní, wọn ò fi wákàtí kan yan ọ̀nà. Ibi tí danfó máa ń gbé wọn gbà náà ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ gbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà danfó kì í ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé èyí tó fúyẹ́ kúrò nílẹ̀. Òfin tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, tí Ìkẹjà wà nínú wọn, tí wọ́n sì fi mẹ́rin mìíràn kún un lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, tí Ṣómólú tìẹ wà níbẹ̀, alùpùpù akérò ni wọ́n ṣe é fún, ohun tó ń lo ẹ́ńjìnnì, tó ń jẹ epo. Èyí tí o ń fẹsẹ̀ wà kọ́ ni wọ́n ń bá wí. Ohun tó da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé téèyàn bá ti dárúkọ kẹ̀kẹ́ l'Ékòó lónìí, máruwà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa ń wá síni lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ológeere kún tèmi. Ọlọ́pàá ti dá mi dúró rí, ẹ̀ẹ̀mejì ni, àwọn méjèèjì kàn fẹ́ mọ iye tí mo ra iná ẹ̀yìn mi ni. Àmọ́ má wọ ojú ọ̀nà BRT, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá, o. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn wa tó wà ní London máa ń gun kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà bọ́ọ̀sì, nítorí lọ́hùn-ún òfin gbà wọ́n láyè ní ọ̀pọ̀ ibi. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, òkúta ni wọ́n sì fi pààlà ẹ̀. Tí bọ́ọ̀sì bá ká ọ mọ́ inú ẹ̀, o ò ríbi yà sí.

Ní ti nǹkan ọmọkùnrin, ọmọ mẹ́rin ni mo bí, orí kẹ̀kẹ́ ni mo sì wà ní gbogbo ọdún tí mo fi bí wọn. Àwàdà nìyẹn o, kì í ṣe ẹ̀rí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé tí ìjókòó bá tín-ín-rín jù, tàbí tí imú ẹ̀ bá yọ sókè, gbogbo ìwúwo ara á dá lé ibi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá láàárín itan. Ibẹ̀ á kú, bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e. Ara ló fi ń sọ fún ọ pé kí o tún ìjókòó ṣe. Ẹni tó ń fi wákàtí mẹ́rin márùn-ún sáré ìdíje ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn jù, kì í ṣe ẹni tó ń lo ìṣẹ́jú 45. Ra ìjókòó tó fẹ̀ díẹ̀, jẹ́ kí imú ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí o sì dìde lórí pẹ́dàlì tí o bá dé ibi gbágungbàgun. Tó bá ṣì ń kú lẹ́yìn gbogbo èyí, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí o gbà lọ, iṣẹ́ irin ni èmi mọ̀. Bákan náà ni orúnkún tó ń dun ọ̀pọ̀ èèyàn: ìjókòó tó wálẹ̀ jù ló sábà máa ń fà á. Gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì níbi tó ti lọ sílẹ̀ jù. Tí ẹsẹ̀ rẹ ò bá nà tán, gbé ìjókòó sókè.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ opó. Mi ò ní tàn ọ́ pé kò séwu. Ewu wà, òmíràn sì wà nínú ẹ̀ tí ọgbọ́n orí kẹ̀kẹ́ ò ràn: awakọ̀ tó ti mu paraga ní gáréèjì kílẹ̀ tó mọ́, trélà tí bíréèkì ẹ̀ já lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àmọ́ nínú gbogbo ìṣubú tí èmi fúnra mi ti ṣubú, àti èyí tí àwọn oníbàárà gbé kẹ̀kẹ́ wíwọ́ wá ròyìn fún mi, díẹ̀ ló jẹ́ pé ọkọ̀ gbá èèyàn látẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ èyí gan-an ni gbogbo ayé ń bẹ̀rù. Iwájú àti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń wá: ilẹ̀kùn tó ṣí lójijì, danfó tó já wọ ọ̀tún láti já èrò, ọ̀kadà tó ń bọ̀ ní wọ́n-wéè, ihò. Ìbẹ̀rù ẹ̀yìn yìí ló sì ń mú kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ṣe àṣìṣe méjì tó ń gbé wọn pàdé ewu ti iwájú.

Àkọ́kọ́, wọn á rọ̀ mọ́ etí gọ́tà. Wọ́n rò pé ọ̀wọ̀ ni, pé àwọn ń fún ọkọ̀ láyè. Etí gọ́tà ni iyanrìn àti ìgò fífọ́ máa ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn mọ́tò tó páàkì máa ń ṣí sí, ibẹ̀ náà ni ìyá tó ń ta búrẹ́dì gbé tábìlì sí. Tí o bá ti wà níbẹ̀, awakọ̀ tó wà lẹ́yìn á rò pé àyè tó òun láti kọjá láìyà, á wá fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ fún ọ mọ́ bèbè. Fi àyè tó tó apá ọkùnrin kan sílẹ̀ sí etí ọ̀nà. Tí títì bá fún, bọ́ sí àárín ọ̀nà tìẹ gedegbe kí wọ́n lè rí i pé àfi kí àwọn dúró. Wọn á fọn fèrè, wọn á bú ọ. Awakọ̀ tó ń bú ọ ti rí ọ nìyẹn. Ẹni tí kò rí ọ ni kí o bẹ̀rù.

Èkejì ni wọ́n-wéè. “Kí n lè máa rí wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Gbà mí láyè kí n ṣírò. Kẹ̀kẹ́ ń lọ ní nǹkan bíi kìlómítà 15 ní wákàtí, ọkọ̀ ń lọ ní 40. Tí ẹ bá jọ kọjú síbì kan náà, 25 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín yín, awakọ̀ ráyè tẹ bíréèkì. Tí ẹ bá kọjú síra yín, 55 ni, ojú ò ní ṣẹ́ kí ẹ tó pàdé. Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ wà ní ẹnu àdúgbò. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 tí Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, òsì ni ẹni tó fẹ́ ti inú àdúgbò ya sọ́tùn-ún máa ń wò, nítorí òsì ni ọkọ̀ á ti wá bá a. Kò sídìí tó fi máa wo ọ̀tún. Ìwọ wá ń ti ọ̀tún bọ̀ ní wọ́n-wéè. Oníbàárà mi kan tó fi egungun èjìká kọ́ ẹ̀kọ́ yìí sọ fún mi pé òun rí awakọ̀ náà kedere, òun rí i tó ń wo òdì kejì, ó ku ọ̀pá méjì, kò sí nǹkan tóun lè ṣe.

Danfó ńkọ́? Danfó ṣe é kọ́ bí èèyàn ṣe ń kọ́ èdè. Etí ni mo fi ń gun kẹ̀kẹ́ ju ojú lọ tí mo bá wà lẹ́yìn wọn. Tí o bá gbọ́ “Ó wà o!” láti inú ọkọ̀, ka ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta, ọkọ̀ yẹn á já wọ ọ̀tún, kò ní wo ẹ̀yìn. Tí o bá rí i tí kọ́ńdọ́kítọ̀ yọ ẹsẹ̀ kan síta ilẹ̀kùn, tó fi ọwọ́ lu ara ọkọ̀, kò tíì dúró nìyẹn àmọ́ ó ti dúró. Nígbà yẹn, má ṣe gbìyànjú láti gba ọ̀tún ẹ̀ kọjá láéláé. Ibẹ̀ ni èrò ń bọ́ sí. Dẹ ẹsẹ̀, wẹ̀yìn, gba òsì ẹ̀ tí àyè bá wà, tàbí kí o dúró sẹ́yìn ẹ̀ kó já èrò ẹ̀ tán. Nítorí náà ni mi ò fi lè gbà kí ẹnikẹ́ni ki íápíìsì sétí lórí kẹ̀kẹ́ l'Ékòó. Ní ti trélà àti táńkà, òfin kan péré ni mo mọ̀: má ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wọn níbi ìkòríta, kódà kí iná jẹ́ pupa. Tí o ò bá rí ojú dẹ́rẹ́bà nínú gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òun náà ò rí ọ.

Àpá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n mi tí mi ò lè fi ẹjọ́ ẹ̀ sùn dẹ́rẹ́bà kankan. Òjò ti rọ̀ látàárọ̀ lọ́jọ́ náà, oṣù kẹfà, omi ti bo àdúgbò kan tí mò ń gbà kọjá lójoojúmọ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo mọ gbogbo ihò ibẹ̀, tàbí mo rò bẹ́ẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé àwọn tó ń ṣa irin ti jí ìdérí gọ́tà kan gbé lóru. Omi náà tẹ́ rẹ́rẹ́, ó ń dán, ọra omi mímu kan ń yí po lójú kan náà lórí ẹ̀, kò sún síwájú, kò sún sẹ́yìn. Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ló dé tí kò sún. Táyà iwájú wọlé dé orí rííìmù, èmi gba orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kọjá, àgbọ̀n mi ló kọ́kọ́ dé bèbè. Látọjọ́ náà, omi tí mi ò bá rí ìsàlẹ̀ ẹ̀, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, màá ká ṣòkòtò, màá ti kẹ̀kẹ́. Nínú òjò ńlá ti oṣù kẹfà àti ti oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, mi ò tilẹ̀ gbé e jáde, mo máa ń wọkọ̀ ni. Fi ìyẹn sínú ìṣirò owó rẹ.

Wàyí o, ọ̀nà tìẹ. Ṣómólú dé Ìkẹjà tó kìlómítà 10 sí 12, ó wà lọ́wọ́ ibi tí ilé rẹ wà gan-an. Tí o bá rọra gùn ún, á tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ bá ti le. Fún oṣù kìíní, fi wákàtí kan àti ààbọ̀ sí i. Inú àdúgbò ni kí o fi gbogbo apá Ṣómólú gbà, má tètè jáde sí Ìkòròdú Road. Tí o bá máa jáde, ojú ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ni kí o wà láti Palmgrove dé Ọ̀bánikòró, má bọ́ sí ojú títì gbangba níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré. Anthony ni ìṣòro àkọ́kọ́. Níbẹ̀, àwọn ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà Oshódì àti Gbágada máa ń já wọlé láti ọwọ́ ọ̀tún, wọn ò tíì dẹ ẹsẹ̀ lórí ìsáré tí wọ́n bá bọ̀, ìwọ sì ń lọ tààrà láàárín wọn. Má gùn ún kọjá níbẹ̀. Sọ̀ kalẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ rẹ bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn, dúró kí àyè yọ. Maryland tún rí bẹ́ẹ̀, bóyá ó tilẹ̀ le jù ú lọ nítorí èrò àti danfó tó ń to síbẹ̀. Tí o bá ti bọ́ sí Mobolaji Bank Anthony Way, ọ̀nà náà fẹ̀, ó sì dán, dídán yẹn ni ewu ẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ máa ń ná eré níbẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Àpapọ̀ ibi tí wàá ti máa ti kẹ̀kẹ́ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ojú á tì ọ́ lákọ̀ọ́kọ́ pé o ní kẹ̀kẹ́ o tún ń fẹsẹ̀ rìn. Àwọn àgbà ló ní kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn ẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà tí o ò béèrè, mo sì rò pé òun ló bá ọ mu jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin Red Line tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹwàá ọdún 2024 máa ń dúró ní Yábá, ó sì máa ń dúró ní Ìkẹjà, níbi tí o ti lè fẹsẹ̀ rìn dé Computer Village. Láti Ṣómólú dé Yábá ò ju kìlómítà mẹ́rin sí márùn-ún lọ, inú àdúgbò ni o sì lè fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ gbà. Gun kẹ̀kẹ́ dé Yábá, fi í sọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ jọ mọwọ́ ara yín, fún un ní nǹkan díẹ̀ lọ́sẹ̀, wọ ọkọ̀ ojú irin. Owó tí wàá fi pamọ́ á dín kù, òótọ́ ni, àmọ́ o ò ní rí Anthony, o ò ní rí Maryland, òógùn rẹ náà ò sì ní pọ̀. Tó bá jẹ́ pé Erékùṣù lo ti ń ṣiṣẹ́ ni, èsì mi ò bá ti gùn tó yìí. Mi ò lè sọ fún ọmọ ẹnikẹ́ni pé kó gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí Third Mainland Bridge. Ó lé ní kìlómítà 11, kò sí etí tí o lè yà sí, atẹ́gùn ọ̀sà ń ti ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ sì ń fò kọjá.

Kẹ̀kẹ́ wo ni kí o rà? Tòkunbọ̀ ni, tó lágbára, táyà ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe èyí tí táyà ẹ̀ tín-ín-rín bí ìka, ihò Èkó ò mọ ìyẹn. Raleigh dúdú ti bàbá wa lẹ́wà, wọn ò ṣe irú irin yẹn mọ́, àmọ́ irin ni rííìmù ẹ̀, tí omi bá sì ti kàn án, rọ́bà bíréèkì á kàn máa yọ̀ lórí ẹ̀ ni. Èyí tí rííìmù ẹ̀ jẹ́ álúmínì dáa jù. Ohun kan wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ, bóyá wọn ò tilẹ̀ mọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó bá ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń mú bíréèkì iwájú. Èyí tó bá ti Bẹ́ljíọ̀mù, Holland tàbí Jámánì wá, ọwọ́ òsì ni, òmíràn nínú wọn ò sì ní bíréèkì ẹ̀yìn lọ́wọ́ rárá, àfi kí o yí pẹ́dàlì padà sẹ́yìn. Inú kọ̀ǹténà kan náà ni wọ́n jọ máa ń wà. Ẹni tí kò mọ̀ á fi gbogbo agbára fa bíréèkì iwájú lójijì, á rò pé ti ẹ̀yìn ni, kẹ̀kẹ́ á dà á nù. Kí o tó sanwó, gbé iwájú ẹ̀ sókè, yí táyà, fa ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, mọ èyí tó ń ṣe kí ni. Tún wo ẹnu túùbù. Tí kò bá jẹ́ irú ti mọ́tò, páǹpù fọkanáísà ò ní wọ̀ ọ́, wàá sì mọ̀ lọ́jọ́ tí táyà bá jò sí Ọ̀bánikòró. Pààrọ̀ túùbù náà lọ́jọ́ tí o bá rà á, kò wọ́n. Má sì jẹ́ kí fọkanáísà fún un ní atẹ́gùn bíi ti danfó. Iye atẹ́gùn tó gbà wà lára táyà, kíkọ ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀.

Wáyà tín-ín-rín tó ń jáde látinú táyà tí wọ́n sun lójú títì ni ọ̀tá rẹ tó burú jù, ju ìṣó lọ. Ó máa ń kéré bí irun, ojú kì í rí i. Wọ́n á lẹ túùbù rẹ lónìí, lọ́la ó tún ti jò lójú kan náà, wàá bínú sí ẹni tó lẹ̀ ẹ́. Mú òwú, fi nu inú táyà yípo. Ibi tí òwú bá ti há, ibẹ̀ ni wáyà wà.

Iná iwájú funfun, iná ẹ̀yìn pupa, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí ojúmọ́ mọ́ dáadáa l'Ékòó ní aago mẹ́fà àárọ̀, àsìkò tí ó sì yẹ kí o jáde nìyẹn. Dé akoto sórí, kí o sì dì í lábẹ́ àgbọ̀n. Ní ti olè, gbé kẹ̀kẹ́ wọlé tí wọ́n bá gbà fún ọ, tọ ọ̀gá rẹ lọ kí o tó rà á, má jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ gáàdì ẹnu ọ̀nà ni wàá ti máa bẹ̀bẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́.

Òógùn: òótọ́ ni àwọn ará ọ́fíìsì rẹ sọ, àmọ́ wọn ò mọ ìgbà tó ń wá. Tí o bá wà lórí kẹ̀kẹ́, atẹ́gùn ń gbẹ ẹ́ kúrò lára rẹ. Ìgbà tí o bá dúró ni atẹ́gùn dúró, ooru ṣì wà nínú ara, òógùn á wá tú jáde. Ẹni tó bá sáré dé, tó ń pààrọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì tuntun náà ló máa fi nu òógùn. Fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìkẹyìn rọra wa ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò níbì kan ń lọ, dé ní ìṣẹ́jú 20 ṣáájú iṣẹ́, jókòó síbi tí fáànù wà, mu omi, kí o tó fi tówẹ̀lì tútù nu ara kí o sì wọ aṣọ iṣẹ́. Kó aṣọ ọ̀sẹ̀ kan lọ sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lọ́jọ́ tí o bá wọkọ̀. Kéríà ẹ̀yìn ni kí o di báàgì mọ́, má gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ẹ̀yìn tí báàgì bò ò ní gbẹ láé. Ooru oṣù kẹta ṣì máa borí gbogbo ọgbọ́n yìí láwọn ọjọ́ kan, kò sí bí a ṣe lè ṣe é.

Owó náà kò ní tó bí o ṣe rò. ₦2,400 lójúmọ́ fún ọjọ́ 22, ₦52,800 nìyẹn lóṣù, mo sì mọ̀ pé iye yẹn lo ti ń ná lọ́kàn. Àmọ́ mi ò ní gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o gùn ún lójoojúmọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, Túsìdeè, Wẹ́sìdeè, Tọ́sìdeè. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè gbogbo dẹ́rẹ́bà ń kanra, lọ́jọ́ Fúráìdeè gbogbo wọn ń kánjú. Ọjọ́ méjìlá lóṣù, ₦28,800. Yọ owó rọ́bà bíréèkì, túùbù, ṣéènì tó bá já. Yọ owó oúnjẹ náà, má rẹ́rìn-ín, ebi tó máa pa ọ́ láago mẹ́wàá ọ̀sẹ̀ kìíní, mọ́ínmọ́ín kan ò ní tó o. Ó lè tó oṣù mẹ́rin, ó lè tó mẹ́fà, kí kẹ̀kẹ́ tó san owó ara ẹ̀. Tó bá jẹ́ nítorí owó nìkan lo ṣe fẹ́ rà á, màá ní kí o dúró ná. Tó bá jẹ́ pé ìjókòó wákàtí méjì nínú gosíló ló ti sú ọ, rà á.

Ní ti ìyàwó rẹ, má bá a jiyàn. Nígbà tí tèmi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kí n tó fẹ́ ẹ, mo rò pé ìyẹn tó gẹ́gẹ́ bí èsì. Kò tó. Lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo wá máruwà kan fún un, mo ní kó máa tẹ̀ lé mi láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, kó máa wo gbogbo ohun tí mò ń ṣe. Ó tẹ̀ lé mi. A débẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó ní gbogbo ọ̀nà yòókù kò burú, ibì kan ṣoṣo ni òun ò fẹ́, ìkòríta kan báyìí tó wà lójú ọ̀nà wa tí mo máa ń sáré gbà kọjá láàárín ọkọ̀ méjì. Mo ní mo ti ń gba ibẹ̀ láti ọdún mẹ́fà. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, mo ṣì máa ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.